Àmì Ohùn Lábẹ́ Àgádágodo

Adébánjí tẹ bọ́tìnnì tán, ó sún àga sẹ́yìn kí gbogbo ẹgbẹ́ lè rí ojú kọ̀ǹpútà dáadáa. Ìtàn tí Nùsírátù tẹ̀ lánàá ni ó fẹ́ fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí ó yẹ kí "ọ" wà, àmì owó òyìnbó kan ni ó jókòó síbẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí "ṣ" wà, àpótí kékeré tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n rí. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní adìẹ ló fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ni gbogbo yàrá bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun ni olùkọ́ èdè Yorùbá, òun náà ni ó ń darí ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìwé ìròyìn ilé-ìwé wọn ní Mowe. Ó wo ẹ̀yìn títí ojú rẹ̀ fi bá Nùsírátù, ó sì ní kí ó wá tún un ṣe.

Nùsírátù kò kánjú. Adébánjí tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ dìde lórí àga fún un, ó jókòó, ó jáde kúrò lórí orúkọ Adébánjí, ó fi orúkọ tirẹ̀ wọlé. Nígbà tí ó fẹ́ tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó fi èjìká bo kíbọọ̀dù. Ó ṣí ìtàn kan náà. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo nǹkan tò: àmì wà lábẹ́ "ẹ", ó wà lábẹ́ "ọ", àmì ohùn sì bà lé orí àwọn lẹ́tà bí ẹyẹ ṣe ń bà lé wáyà iná. Ẹnu ya àwọn ọmọ náà. Inú Nùsírátù dùn débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Ṣé kò sí bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe lè máa rí i báyìí, lórí orúkọ tiwọn?" Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn bi í.

Ọ̀nà wà, Nùsírátù sì mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó gbójú sókè, ó wo olùkọ́ rẹ̀, ó sì dáhùn pẹ̀lú ohùn tí kò gbọ̀n rárá pé, "Kò ṣeé ṣe, mà. Ẹni tí wọ́n bá fi sórí orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́ fún."

Olùkọ́ náà gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́? Ọmọ tí kò purọ́ fún un rí ni.

Ọdún 2008 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì péré ni ẹgbẹ́ àwọn òbí rà fún ilé-ìwé náà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́. Línúsì, ètò kan tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, ni ẹni tí ó tò ó fún wọn fi sí i, ó ní fáírọ́ọ̀sì kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ṣí orúkọ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi orúkọ rẹ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ wọlé, bí ẹni pé o ṣí yàrá tìrẹ nínú ilé ńlá kan ni. Ohun tí o bá kó sínú yàrá yẹn, tìrẹ ni.

Nínú yàrá tirẹ̀ yìí ni Nùsírátù kó fọ́ńtì Yorùbá sí. Fọ́ńtì ni àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ̀rọ̀ sójú. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kò mọ àmì tiwa. Bọ̀ọ̀dá Sàhéèdì, àbúrò ìyá Nùsírátù, tí ó ń bá àwọn ènìyàn tẹ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní Ibafo, ni ó fún un ní ọ̀kan tí ẹnì kan ṣe fún Yorùbá nìkan. Ẹni tí ó ṣe é ti yọ àwọn àmì tí a kì í sábà lò kúrò, ó fi lẹ́tà tiwa rọ́pò wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò bá ní fọ́ńtì náà fi ń rí àmì owó níbi tí "ọ" wà. Ọkùnrin náà kò tà á, ó ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ máa lò ó.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Sàhéèdì fún un, ó kọ́ ọ dáadáa. Ó ní fódà kọ̀ọ̀kan ni ó ní àṣẹ tirẹ̀: àṣẹ pé kí ènìyàn wọlé, àṣẹ pé kí ó ka ohun tí ó wà níbẹ̀, àti àṣẹ pé kí ó yí i padà. Ẹni tí ó ni fódà ni ó ń pín àṣẹ náà. Ó fi bí wọ́n ṣe ń pín in hàn án, ó sì kìlọ̀ fún un pé tí ó bá dé ilé-ìwé, kí ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kí wọ́n kó fọ́ńtì náà síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò ti lè rí i. Nùsírátù ní òun gbọ́.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bọ̀ọ̀dá Sàhéèdì kò mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni àwọn òbí Nùsírátù kó wá láti Ìsẹ́yìn. Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀, yàrá kan ni wọ́n sì háyà ní Ibafo. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tí ó kọ́ ilé sí Arepo àti Magboro. Nígbàkúùgbà tí ó bá la ẹnu, wọn a máa sín bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ, wọn a ní ará òkè ti dé. Yàtọ̀ sí ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ láàárọ̀, kò sí ẹni tí ó ń pe tirẹ̀ fún nǹkan kan. Monísọ́lá nìkan ni ó ń bá a jókòó.

Fọ́ńtì yẹn ni ó yí i padà. Láti ọjọ́ tí ó ti fi tẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́, "Nùsírátù dà?" ni wọ́n ń bèèrè kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ń sín in jẹ wá ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn tẹ tiwọn. Ó ń ronú pé bí fọ́ńtì náà bá wà lórí orúkọ gbogbo ènìyàn, kí ni wọn yóò tún wá òun sí? Ohun tí ó mú un purọ́ nìyẹn.

Irọ́ kan kì í dá rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù ń bà á pé Adébánjí lè ṣèèṣì wá ọ̀nà dé ibi tí fọ́ńtì náà wà. Ó ṣí ojú ibi tí wọ́n ti ń pín àṣẹ, ó yọ àṣẹ gbogbo ènìyàn kúrò àfi tirẹ̀, lórí fọ́ńtì, lórí fódà tí ó wà nínú rẹ̀, àti lórí gbogbo iṣẹ́ tí ó ti tẹ̀. Monísọ́lá bá a níbẹ̀, ó bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní òun ń tún yàrá òun ṣe ni.

Monísọ́lá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tó o kọ ìtàn nínú ẹgbẹ́ náà. Ọdún kejì nìyẹn tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí, àní Nùsírátù pàápàá. Lọ́jọ́ kan ni ó kàn mú ìwé wá, ìtàn tí ó fi ọwọ́ kọ, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Ẹwà Ìyá Mi". Ó sọ nínú rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo ojúlé a fi máa yọjú, àti bí àìsàn ṣe gba okun rẹ̀ títí ṣùgbọ́n tí kò lè gba ẹwà rẹ̀. Nùsírátù ń tẹ̀ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kan. Nígbà tí Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn kà á tán, ó ní ìtàn yẹn ni yóò ṣáájú gbogbo rẹ̀, òun sì ni ilé-ìwé àwọn yóò gbé lọ sí Ifọ̀.

Ìdíje ni ó wà ní Ifọ̀. Àwọn ilé-ìwé láti Mowe, Ibafo, Ajuwon àti àyíká wọn ni yóò kó ìwé ìròyìn Yorùbá wọn wá, ìtàn kan yóò sì ti inú ìwé kọ̀ọ̀kan jáde sójú agbo. Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò wọ́pọ̀: ẹni tí ó kọ ìtàn kọ́ ni yóò kà á. Ọmọ ilé-ìwé mìíràn ni wọn yóò gbé e fún, kí àwọn adájọ́ lè mọ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ bí ó ti yẹ kí wọ́n kọ Yorùbá.

Ọ̀sẹ̀ ìdíje gan-an ni ibà dá Nùsírátù dùbúlẹ̀. Ó le débi pé ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ibafo, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn wà ní Abẹ́òkúta fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. Ó ti fi iṣẹ́ lé Adébánjí lọ́wọ́, ó ní òun yóò bá wọn ní Ifọ̀.

Adébánjí gbìyànjú. Gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti parí, ó kù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó fẹ́ ṣí tí kọ̀ǹpútà kò sọ fún un pé kò ní àṣẹ. Ó fi fóònù ilé-ìwé pe bàbá Nùsírátù títí. Orí òrùlé ni bàbá náà wà níbi tí ó ti ń jó irin ní Magboro, fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì nísàlẹ̀. Ó pe Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn náà, kò wọlé. Monísọ́lá wọkọ̀ lọ sí Ibafo, ó bá ilẹ̀kùn wọn ní títì.

Nígbà tí kò sí ọgbọ́n mọ́, wọ́n jókòó, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lórí orúkọ Adébánjí, pẹ̀lú fọ́ńtì tí wọ́n bá níbẹ̀. Kò sí àmì ìsàlẹ̀, kò sí àmì òkè. Monísọ́lá ní kí àwọn fi bírò kọ àmì náà sí i. Adébánjí wo aago, ó ní àwọn tí ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì yóò tó kógbá wọlé.

"Ṣebí Yorùbá ni gbogbo ẹni tó máa wà níbẹ̀?" ni ó wí. "Ó máa yé wọn."

Lọ́jọ́ Sátidé, ara Nùsírátù ti yá díẹ̀. Ó bẹ ìyá rẹ̀ títí ó fi jẹ́ kí ó tẹ̀ lé wọn. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti fi ìwé ìròyìn náà lé e lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó rí "Ewa Iya Mi" gbàgàdà lójú ìwé àkọ́kọ́, ó rí bí adìẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé bí ó ṣe rí fún un, kò sí ẹni tí ó bá a wí. Àánú rẹ̀ ni ó ń ṣe wọ́n.

Gbọ̀ngán náà kún. Nígbà tí ó kan ilé-ìwé wọn, ọmọkùnrin kan láti Ajuwon ni wọ́n gbé ìwé fún. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Ó wo àkọlé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kà á sókè: "Ẹ̀wà Ìyá Mi."

Àwọn ènìyàn jókòó dáadáa, wọ́n ń retí ìtàn oúnjẹ.

"Gbogbo àdúgbò wa ni ó mọ ẹ̀wà ìyá mi," ọmọ náà ń bá a lọ. "Bí ó bá ti ń kọjá, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà rẹ̀ ni wọ́n ń sọ." Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ lápá kan. Ọmọ náà rò pé ìtàn apanilẹ́rìn-ín ni, ó tún gbé ohùn sókè, ó fi eré sí i. Bí ó ṣe dé ìlà tí Monísọ́lá fi ọkàn rẹ̀ kọ jù nìyẹn: "Àìsàn dé, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ìyá mi kò dín títí ó fi kú."

Gbọ̀ngán náà wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Wọ́n ń lu tábìlì. Obìnrin kan nínú àwọn adájọ́ fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìlà tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ọmọ Ajuwon náà kà á tán, ó dúró, ó padà wo òkè ìwé, ó sì wá yé e. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó fẹ́ tún un kà bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba gbogbo ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ́.

Monísọ́lá dìde. Kò sáré, kò sì ké. Ó rọra gba àárín àga kọjá, ó jáde.

Nùsírátù bá a lẹ́yìn gbọ̀ngán, lábẹ́ igi fúrúùtù kan, níbi tí ó ti ń fi etí aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ nu ojú. Ó dúró tì í. Monísọ́lá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀bi tìẹ," ni ó wí. "Ta ló ń rán ibà níṣẹ́? Ká ní fọ́ńtì yẹn ṣeé fi sórí orúkọ mi ni, ǹ bá ti fọwọ́ ara mi fi àmì sí i. Àmọ́ o ti ní kò ṣeé ṣe."

Kò sí ìbáwí kankan nínú ohùn rẹ̀, síbẹ̀ ó gún Nùsírátù lọ́kàn ju kí wọ́n nà án lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó mọ̀. Ibà ti ru ẹ̀bi náà fún un. Ó lè padà sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tún máa bèèrè pé Nùsírátù dà, bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé òun kò lè jókòó ti ojú yẹn mọ́ láéláé bí òun bá gbé irọ́ náà délé.

"Ó ṣeé ṣe, Monísọ́lá," ni ó wí. "Àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti ṣeé ṣe. Èmi ni mo tì í."

Monísọ́lá wò ó bí ẹni pé kò gbọ́. Ó bèèrè pé kí ló dé. Nùsírátù sọ ọ́ bí ó ti rí, kò bu iyọ̀ sí i: pé ẹ̀rù ń ba òun pé bí gbogbo wọn bá ní in, kò ní sí ẹni tí yóò nílò òun mọ́. Monísọ́lá yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó padà sínú gbọ̀ngán, nígbà tí wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ ẹlòmíràn ni ó lọ jókòó sí.

Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, Nùsírátù ti lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn, ó sì ti jẹ́wọ́ fún un. Olùkọ́ náà kò pariwo. Ó ní kí ó dìde, kí ó má jẹ́ kí ibà padà. Ó ní lọ́jọ́ Ajé yóò sọ ọ́ létí gbogbo ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà yóò tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ilé-ìwé wọn kò gba ipò kankan ní Ifọ̀ lọ́dún náà.

Ọjọ́ Ajé kò rọrùn. Nígbà tí Nùsírátù sọ̀rọ̀ tán, Adébánjí ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Monísọ́lá kò sí lára wọn. Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn ní àwọn yóò dá ẹjọ́ náà bí iṣẹ́ bá parí. Ọjọ́ àwọn òbí ti ń bọ̀, ó fẹ́ kí wọ́n tún ìwé ìròyìn náà tẹ̀ jáde kó tó di ọjọ́ náà, pẹ̀lú àmì pípé.

Olùkọ́ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ pásíwọ́ọ̀dù àgbà, ìyẹn èyí tí ó lè wọ gbogbo yàrá inú kọ̀ǹpútà náà. Nùsírátù ń júwe, ó ń ṣe é. Wọ́n mú fọ́ńtì náà tòun ti fódà rẹ̀ láti yàrá Nùsírátù, wọ́n kó o sí ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Adébánjí fi orúkọ rẹ̀ wọlé láti dán an wò. Àpótí òfìfo àti àmì owó náà ni ó tún jáde.

Wọ́n ń kùn. Ẹnì kan ní irọ́ mìíràn tún nìyí.

Ọkàn Nùsírátù kò mì. Ó tẹjú mọ́ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ó rò ó, ó sì rí i. "Àgádágodo tí mo fi sí i ló bá a wá," ni ó wí. Ó ṣàlàyé fún wọn pé bí ẹni gbé àpótí kúrò ní yàrá wá sí pálọ̀ ni: ó ti dé pálọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà ní títì. Ó ní kí olùkọ́ padà wọlé, kí ó ṣí ojú ibi tí wọ́n ti ń pín àṣẹ. Gbogbo wọn sì rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ní àṣẹ lórí fọ́ńtì náà, òun ni Nùsírátù. Ní ti àwọn yòókù, kò sí àṣẹ kankan. Fódà rẹ̀ náà sì wà ní títì.

"Ẹ kúkú fún gbogbo èèyàn ní gbogbo àṣẹ," Adébánjí wí. "Ká má tún rí wàhálà mọ́."

Nùsírátù mi orí. Ó ṣì ń bẹ̀rù ojú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n. "Rárá," ni ó wí. "Kí gbogbo èèyàn lè wọlé, kí gbogbo èèyàn lè kà á. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè yí i padà. Tí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣèèṣì pa á rẹ́, gbogbo wa ló pa á rẹ́ fún." Ó wá yíjú sí olùkọ́ rẹ̀. "Kó sì wà lórúkọ tiyín, mà. Kó má wà lórúkọ mi."

Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn wò ó, ó sì ṣe bí ó ti wí. Ó gba fọ́ńtì náà sórúkọ ara rẹ̀. Ó fún gbogbo ènìyàn ní àṣẹ láti wọ inú fódà náà, ó fún wọn ní àṣẹ láti ka ohun tí ó wà níbẹ̀, ó fi àṣẹ ìyípadà sọ́wọ́ ara rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí Nùsírátù ṣí gbogbo iṣẹ́ tí ó tì mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú wọn.

Adébánjí tún wọlé. Ó ṣí ìtàn. Lẹ́tà náà jáde ní títò, wọ́n gbé àmì wọn lérí. Adébánjí fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí kálukú ń fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, tí ó ń pe àwọn yòókù kí wọ́n wá wo ojú kọ̀ǹpútà òun.

Monísọ́lá ni ó jókòó gbẹ̀yìn. Kò ṣí èyí tí Nùsírátù ti tẹ̀ sílẹ̀. Ojú ìwé tuntun ni ó ṣí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tẹ "e", ó dúró, ó wo kíbọọ̀dù títí. Láti ọjọ́ Ifọ̀, kò tí ì bá Nùsírátù sọ̀rọ̀.

"Èwo ni mo máa tẹ̀ fún àmì ìsàlẹ̀?" ni ó bi í, láìwo ojú rẹ̀.

Nùsírátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi hàn án. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí àwọn méjèèjì tó jọ jókòó jẹun bí i ti tẹ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kò yọ Nùsírátù. Wọ́n gba iṣẹ́ títẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí ọ̀rọ̀, títí kan àwọn ọmọ kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé. Ó rò pé ìyà ni iṣẹ́ yìí yóò jẹ́. Kò pẹ́ tí ó rí i pé àwọn tí ó ń bèèrè rẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbà tí ó tilẹ̀kùn lọ, kò sì sí ẹni tí ó tún rántí sín ohùn rẹ̀ jẹ, nítorí pé nínú ohùn Ọ̀yọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ ibi tí ohùn ti ń lọ sókè àti ibi tí ó ti ń wálẹ̀.

Lọ́jọ́ àwọn òbí, bàbá Monísọ́lá mú ìwé ìròyìn tuntun náà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ka ìtàn ìyàwó rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó wá bèèrè bóyá òun lè rí ẹ̀dà kan sí i gbà, kí òun lè mú un lọ fún ìyá olóògbé. Monísọ́lá na ọwọ́ sí Nùsírátù, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi tó kọ́ mi bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí, Dádì." Nùsírátù kúnlẹ̀ kí i.

Àwọn àgbà ní àdáṣe ní í hun ọmọ, àjọṣe kì í hun ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun rere tí ènìyàn mọ̀ kì í dín kù nítorí pé ó fi kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá tì í mọ́ra kí wọ́n lè máa wá a, ọjọ́ tí kò bá sí nílé ni àwọn tí ó fẹ́ràn jù yóò jìyà rẹ̀. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹ ṣàṣìṣe, ẹ má dúró de ẹni tí yóò tú yín fó. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ òótọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tún un ṣe.